Kúbúrátù àti Ewé Oríta Ìkòyí

Ìròyìn tó kọ́kọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé Kúbúrátù, ìyáálé Mìkáílù ahunṣọ, ti sọ orogún rẹ̀ di ewúrẹ́, ó sì ti tà á ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, lẹ́bàá ààfin, ní ọ̀sán gangan, fún ọkùnrin kan tó ń wá ẹran ìkómọ.

Ní ayé ìgbà náà, òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti Ọ̀yọ́ ni. Kò sí rélùwéè lọ́dọ̀ wa, kò sí mọ́tò, ẹsẹ̀ ni gbogbo nǹkan fi ń rìn. Ìròyìn yìí nìkan ni kò fi ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró, ewúrẹ́ náà ti sunkún bí ènìyàn. Nígbà tó fi máa dé abẹ́ igi tí àwọn ahunṣọ ń jókòó sí, ewúrẹ́ ti kí ẹni tó rà á pé ẹ kú ọjà. Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, gbogbo àwọn tó jẹ nínú ẹran náà ní Ọ̀yọ́ ti ń fi ohùn Ràmọ́tà, orogún náà, sọ̀rọ̀, títí kan àwọn onírùngbọ̀n inú wọn. Bàbá arúgbó kan tí kò jáde nílé láti ìgbà ogun Jálumi búra pé òun fojú ara òun rí ewúrẹ́ náà, àti pé ó kọ àbàjà.

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Kúbúrátù ta ewúrẹ́ ní Akẹ̀sán. Ràmọ́tà, orogún rẹ̀, ló ni ewúrẹ́ náà. Òjá Ràmọ́tà ni wọ́n fi so ó lọ́rùn. Ràmọ́tà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò rí i.

Alájàpá ni Kúbúrátù. Aṣọ òfì tí ọkọ rẹ̀ bá hun ló ń rù lọ sí Ọ̀yọ́, igbá fínfín ló ń rù bọ̀, òun ló sì máa ń ṣíwájú gbogbo èrò tó bá jọ rìn. Bó bá ń lọ, òjìji rẹ̀ ní láti sáré kó tó bá a. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le débi pé ẹ̀gún ló ń yà fún un. Kò jẹ́ sọ láéláé pé ó rẹ òun. Bó bá fẹ́ sinmi, á ní, “Ó rẹ ẹrù yìí, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀.” Ọlọ́run kò tí ì fún un lọ́mọ, nítorí náà kò sí ẹni tó ń fi orúkọ ọmọ pè é. Ìyá Ọ̀nà ni gbogbo ìlú ń pè é. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Ràmọ́tà dé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kékeré nígbà tí iṣu tuntun jáde. Ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín ni, pàápàá sí ohun tí kò yẹ kí ìyàwó rẹ́rìn-ín sí, irú bí orin tí ìyáálé bá ń kọ nídìí ààrò. Òun àti Kúbúrátù kò jà rí, wọn kò sì ṣọ̀rẹ́. Wọ́n a kí ara wọn láàárọ̀, ó parí.

Ìrìn àjò tó dá wàhálà sílẹ̀ yìí ni àkọ́kọ́ tí Ràmọ́tà bá wọn lọ. Ó fa ewúrẹ́ kan dání tí ó fẹ́ tà. Wọn kò tí ì rìn jìnnà nínú ọ̀dàn tí kùkùté fi gún un lẹ́sẹ̀. Ewúrẹ́ já okùn. Ràmọ́tà tú òjá ìdí rẹ̀, ó fi so ó, ewúrẹ́ sì ń fà á kiri bí ẹni pé òun ló fẹ́ tà á. Àwọn èrò ń kùn. Kúbúrátù gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Máa bọ̀ jẹ́jẹ́,” ló wí. “Bí o bá dé oríta Ìkòyí, wo ewé.”

“Mo gbọ́, ìyáálé mi.”

Gbogbo ẹni tó bá ń rìn ọ̀nà wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí àwọn tó wà níwájú bá dé oríta, wọ́n a já ẹ̀ka igi tútù, wọ́n a fi dábùú ọ̀nà tí wọn kò gbà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí ewé, á mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ti dí, á gba èkejì. Kúbúrátù dé oríta náà, níbi tí ọ̀nà kan ti yà sí Ìkòyí tí èkejì kọjú sí Ọ̀yọ́. Ó já ewé, ó fi dí ọ̀nà Ìkòyí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n dé Ọ̀yọ́. Ràmọ́tà kò dé. Wọ́n dúró dè é títí àwọn onílé tí wọ́n wọ̀ sí fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí wọ́n máa lọ. Kúbúrátù sọ pé ẹsẹ̀ ló dà á padà sílé. Ewúrẹ́ ń ké, ó ti jẹ ìdajì àtíbàbà onílé. Ó mú un lọ sí Akẹ̀sán, ó tà á, ó sì fi owó rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó ni ín. Mùílì, alááru kan tó bá wọn rìn, tí ẹnu rẹ̀ máa ń dé ilé ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ló kọ́kọ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyókù ti di ohun tí mo ti sọ.

Nígbà tí Kúbúrátù, tó kọjá oríta nínú òkùnkùn ìdájí láìwo ilẹ̀, dé ẹnu ibodè pẹ̀lú igbá lórí, àwọn ọmọdé tó máa ń sáré wá pàdé rẹ̀ sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sá lọ. Obìnrin kan fa àgùntàn rẹ̀ wọlé, ó sì tilẹ̀kùn.

Ìyá Ràmọ́tà jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá Kúbúrátù gan-an. Kò sunkún, kò pariwo. Oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un wà níwájú rẹ̀, kò ṣí i.

“Ẹ kú ìkàlẹ̀, ìyá,” ni Kúbúrátù wí. “Ràmọ́tà dà?”

“Ohun tí mo wá bi ọ́ nìyẹn.”

Ìgbà náà ni Kúbúrátù mọ̀ pé Ràmọ́tà kò padà sílé. Ó fi ìdí lé ilẹ̀ pẹ̀lú igbá lórí, kò rántí sọ ẹrù. Wọ́n sọ ohun tí ìlú ń sọ fún un. Ó wo Mìkáílù. Mìkáílù wà nídìí òfì rẹ̀, ó di òwú mú bí ẹni tó gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi òwú ṣe.

“Bàálé mi, ẹ̀yin náà gbà pé mo sọ ènìyàn di ẹran?”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kí lẹ wá sọ?”

“N kò tí ì sọ nǹkan kan.”

“Mo gbọ́. Gbogbo àdúgbò ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ẹ̀yin ni ẹ kò tí ì sọ nǹkan kan.”

Àwọn ẹbí Ràmọ́tà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n ní bí ọ̀túnla bá lọ tí àwọn kò rí ọmọ àwọn, iwájú Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti máa pàdé. Kì í ṣe Ajẹ́lẹ̀ ló ń dẹ́rù ba Kúbúrátù. Ewé ni. Ó mọ̀ pé òun fi ewé dí ọ̀nà Ìkòyí. Àbí òun kò mọ̀? Ó ti ń já ewé ní oríta yẹn láti ìgbà tó ti lọ́kọ, ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe é kí ọkàn rẹ̀ má sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà Ọ̀yọ́ gan-an lòun fi ewé dí ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé òun ló fi ọwọ́ ara òun darí ọmọ ọlọ́mọ sínú igbó?

Ní àfẹ̀mọ́jú ó gbéra. Ó bẹ àwọn ọkùnrin àdúgbò kí wọ́n tẹ̀ lé òun. Ọ̀kan ní òun fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ọ̀kan ní ìyá òun kò fẹ́ kí òun rìn lẹ́yìn obìnrin, ìyá tó ti kú ṣáájú kí wọ́n tó kọ ilà sí i lójú. Mùílì ní inú ń run òun, ó sì di orúnkún mú. Kúbúrátù nìkan ló jáde.

Ọ̀dàn ọ̀nà wa ga nígbà òjò. Koríko ibẹ̀ lè gbé ẹlẹ́ṣin mì pẹ̀lú ẹṣin àti ìlérí rẹ̀. Ìrì rin Kúbúrátù dé àyà. Nígbà mìíràn ó máa ń kọrin lọ lójú ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn gbogbo ẹyẹ tó bá ké, ó dúró gbọ́ ọ bóyá ènìyàn ni. Ó ń pe Ràmọ́tà. Koríko ń gba ohùn náà, kò dá nǹkan kan padà.

Ó dé oríta. Òkìtì ewé gbígbẹ kan wà ní ẹnu ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ọ̀nà Ìkòyí mọ́ fefe, kò sí ẹ̀ka igi kan níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ka igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ni, ó mọ ọwọ́ rẹ̀ lára wọn. Ohun tó bà á lẹ́rù jù lọ ló wà níwájú rẹ̀ yìí.

Ọ̀kan nínú àwọn agbálẹ̀ ìjọba jáde láti inú koríko pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́. Josiah lorúkọ rẹ̀, aṣáájú àwọn agbálẹ̀ ọ̀nà. Ìjọba ti fún un ní fìlà pupa kan tó tóbi jù fún un, ó sì ní láti gbé orí rẹ̀ sókè kó tó lè ríran. Lọ́dún yẹn, òyìnbó ti pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú máa gbá ọ̀nà bí ẹni ń gbá yàrá ìyàwó tuntun. Josiah gba àṣẹ náà gbọ́ ju bí òyìnbó tó pa á ti gbà á gbọ́ lọ. Wọ́n ní ó máa ń bá ewé tó bá já bọ́ lójú rẹ̀ wí.

“Ìyá, ẹ má da ìdọ̀tí yẹn rú mọ́,” ló wí. “Mo ti kó o jọ.”

“Ìwọ lo kó ewé yìí síbí?”

“Òyìnbó fẹ́ gun ẹṣin lọ sí Ìkòyí. Ẹnì kan da ewé sójú ọ̀nà. Mo gbá a kúrò.”

“O gbá a kúrò ní ọ̀nà Ìkòyí, o wá kó o sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀yọ́?”

“Níbo lẹ fẹ́ kí n kó o sí? Inú fìlà mi? Òyìnbó kò gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ yìí.”

“Josiah, ará ibo ni ọ́?”

“Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ìyá.”

“O mọ ohun tí ewé ń ṣe ní oríta.”

Josiah sọ fìlà kalẹ̀. Ó wo ewé, ó wo ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. “Mo mọ̀,” ló wí. “Nígbà tí mi ò tí ì máa gbálẹ̀ fún ìjọba, mo mọ̀.”

“Òyìnbó rẹ wá?”

“Ó ní ibà. Kò wá mọ́.”

Kúbúrátù kò bá a jà. Ó kó ewé kúrò lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ kí ẹlòmíràn má bàa ṣìnà, ó sì yà sí ọ̀nà Ìkòyí. Inú rẹ̀ yẹ kó dùn, nítorí kò jẹ̀bi. Kò dùn. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ọgbẹ́ gba ibí yìí wọlé kò lè mọ̀ pé nítorí àṣẹ òyìnbó ni ọ̀nà náà ṣe mọ́. Òwúrọ̀ kan péré ni àwọn agbálẹ̀ fi gbá a, wọ́n sì ṣíwọ́ níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú igbó, òkùnkùn ṣú ní ọ̀sán. Gbòǹgbò igi na ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ó rí òṣùká kan tí ẹnì kan fi há ẹ̀ka igi, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ti ilé wọn. Ó mú un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tó ti di Ìyá Ọ̀nà.

Lẹ́yìn igbó ni àbàtà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, àbàtà yẹn kì í ju ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ń yí lọ, ṣùgbọ́n lójò, ó máa ń tẹ́ lọ bí ọjà, koríko tútù bò ó lójú débi pé ènìyàn lè kà á sí ilẹ̀ gidi. Kúbúrátù mọ̀ ọ́n. Ó mọ ibi tí wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ó rí nǹkan funfun kan níwájú, ó dà bí etí ìró. Ó pè, kò dáhùn. Ó fi ojú ọ̀nà sílẹ̀, ó yà síbẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan wọlẹ̀ dé orúnkún. Ó fà á, èkejì wọlẹ̀. Nǹkan funfun náà jẹ́ ẹyẹ lékèélékèé kan. Ó wò ó bí ẹni wo aláṣejù, ó fò lọ. Bó ti ń tiraka ni ẹrọ̀fọ̀ ń gbà á sí i, tó fi dé ìbàdí, tó fi dé abẹ́ ọmú. Ó wá dúró jẹ́ẹ́. Oòrùn bọ́ sí i lórí, eṣinṣin ń bà lé e lójú, kò sì gbọdọ̀ gbé apá lé wọn kó má bàa rì sí i. Ó pe Ràmọ́tà títí tí orúkọ náà kò fi yàtọ̀ sí èémí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ro ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá òun, pé kò ní í rí ọmọ rẹ̀, kò sì ní í rí ẹni tí yóò bi léèrè mọ́.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀.

“Ìyáálé mi, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin náà gba ibí?”

Ràmọ́tà ni. Ó fi igi tilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu àbàjẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ahéré kan wà ní apá kejì àbàtà, bàbá àgbà kan tó ń ṣọ́ oko rẹ̀ ló gbà á sílé, ó sì ń fi ewé di ẹsẹ̀ fún un. Bàbá náà kò gbọ́ràn dáadáa, kò sì kúrò lóko láti bí oṣù mélòó kan. Ràmọ́tà kò rí ẹni rán, kò sì lè rìn jìnnà. Omi ló wá pọn.

“Má yà síbí,” ni Kúbúrátù wí. “Wọ́n á ní mo pa ọ́.”

“Ta ló ní?”

“Gbogbo ìlú. Wọ́n ní mo sọ ọ́ di ewúrẹ́, mo tà ọ́ ní Akẹ̀sán.”

“Èló?”

“Kí lo fi ṣe?”

“Mo fẹ́ mọ èló ni mo tó, ìyáálé mi. Àbí wọ́n ná mi wálẹ̀?”

Nígbà tó ń sọ gbogbo èyí, kò dúró lásán. Ó ń gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó ń tẹ́ ẹ lé ẹrọ̀fọ̀ lórí ara wọn. Ó dojú bolẹ̀ sórí rẹ̀, ó fi ìró rẹ̀ kọ́ Kúbúrátù lábẹ́ apá, ó sì ń fà á. Ẹsẹ̀ ọgbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó fà á títí tí ẹ̀rín fi kúrò lójú rẹ̀, tí igbe sì gba ipò rẹ̀. Kúbúrátù ní kó fi òun sílẹ̀, kó padà sílé kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Ràmọ́tà tún fà á. Nígbà tí ẹrọ̀fọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ariwo kan tí kò yẹ ká kọ sílẹ̀ fún ọmọlúwàbí, àwọn méjèèjì sì dùbúlẹ̀ sórí imọ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Ràmọ́tà fọwọ́ kan ojú ọmọ rẹ̀, etí rẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, bí ẹni ń wò ó bóyá ó pé. Lẹ́yìn náà ló tó sunkún. Kúbúrátù kó owó ewúrẹ́ fún ẹni tó ni ín, ó wẹ̀, ó sì sùn. Ó sùn títí tí ìlú fi ráyè hun irọ́ tuntun.

Nígbà tó jí, òun ni akọni. Àwọn tó fa àgùntàn wọlé ti gbé ẹ̀kọ wá kí i. Mùílì, tí inú rẹ̀ ti san, dúró níwájú ilé Mìkáílù, ó ń ròyìn fún èrò bí Ìyá Ọ̀nà ṣe fi ọwọ́ kan ya àbàtà sí méjì, tó bá ẹfọ̀n jà, tó fa ìwo rẹ̀ yọ, tó sì gbé Ràmọ́tà kọ́ ẹ̀yìn la igbó kọjá láìmí.

“Ìyá Ọ̀nà ni yóò máa ṣíwájú wa títí láé,” ni Mùílì wí. “Bó bá ní ká wọ inú iná, iná ọ̀hún á kú.”

Àwọn èrò ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ràmọ́tà jókòó sórí ẹní nínú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ògiri. Kúbúrátù rí i bó ṣe ń wo ògiri. Ó jáde sí wọn, ìró ilé lásán ló ró.

“Mùílì, sinmi,” ló wí. “N kò rí ẹfọ̀n kankan. Lékèélékèé ni mo rí, òun náà kò jà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán.

“Èmi ni mo rì. Mo kúrò lójú ọ̀nà tí mo mọ̀, mo rì dé àyà. Ràmọ́tà ló fà mí jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ ní mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Èmi ni mo fara tì í dé oríta. N kò tilẹ̀ dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ nígbà tí mo jáde ni pé ìró rẹ̀ ti há mi lábẹ́ apá jù.”

“Ìyá Ọ̀nà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni Mùílì wí. “Tèmi dùn ún gbọ́ jù.”

“Èyí tí o kọ́kọ́ sọ náà dùn ún gbọ́.”

Mùílì wo ilẹ̀. Ẹnì kan bi Kúbúrátù léèrè pé ta ni yóò wá ṣíwájú bí wọ́n bá tún ń lọ sí Ọ̀yọ́.

“Ẹ bi Ràmọ́tà bóyá ó fẹ́, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá san,” ló wí. “Ẹni tó bá mọ ewé já lè ṣíwájú. Kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn nígbà tí Ràmọ́tà ṣìnà. Ẹ̀yìn ni èmi fẹ́ máa rìn.”